Ẹ̀rọ CD olówó ńlá àbí kọ̀ǹpútà: èwo ni kí n fi máa gbọ́ orin nílé?

Àwo_Lórí_Pẹpẹ

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà orin. Mo fẹ́ náwó, ẹ̀rù sì ń bà mí kí n má lọ ná an síbi tí kò yẹ. CD mi ti kún pẹpẹ débi pé àwọn kan ti ń sùn nílẹ̀. Ẹ̀rọ tí mo fi ń gbọ́ wọn ti ń darúgbó: ó máa ń fo orin, nígbà míì ẹ̀wẹ̀, bí mo bá ki àwo bọ̀ ọ́, kì í fẹ́ pọ̀ ọ́ mọ́. Ẹni tó ń bá mi tún un ṣe ní kí n yéé fi owó ṣòfò lórí rẹ̀, kí n ra ẹ̀rọ CD olówó ńlá kan kí n sinmi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kò sẹ́ni tó ń ra irú ẹ̀ mọ́, pé kí n kó gbogbo orin sórí kọ̀ǹpútà.

Mo gbìyànjú ìmọ̀ràn ọmọ náà wò. Mo so wáyà láti ihò headphone kọ̀ǹpútà alágbèéká mi mọ́ amplifier. Orin jáde lóòótọ́, àmọ́ nǹkan kan ń kùn lábẹ́ rẹ̀ ṣáá, tí mo bá sì ń gbé atọ́ka káàkiri ojú kọ̀ǹpútà, ariwo tín-ín-rín kan á máa ta ṣìn-ìn ṣìn-ìn nínú sípíkà. Ẹ̀rọ CD tó ń ṣàìsàn yìí kò dán irú ẹ̀ wò rí.

Ṣé ohùn kọ̀ǹpútà lè bá ti ẹ̀rọ CD tó dáa dọ́gba lóòótọ́? Bó bá lè rí bẹ́ẹ̀, kí ni mo nílò? Sípíkà ni mo fi ń gbọ́, n kì í lo headphone. Orin ẹgbẹ́ akọrin, jazz àti orin onígìtá ló pọ̀ jù nínú ohun tí mo ní.

Baba_Wáyà

Àbúrò, jẹ́ ká kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ yìí sí méjì, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í mú. Iṣẹ́ méjì ni ẹ̀rọ CD ń ṣe. Ó ń ka nọ́ńbà tó wà lára àwo, ó sì ń sọ nọ́ńbà yẹn di iná tí amplifier lè gbé fún sípíkà. Ohun tó ń ṣe iṣẹ́ kejì là ń pè ní DAC. Ẹ̀rọ CD kó méjèèjì sínú àpótí kan ṣoṣo. Lórí kọ̀ǹpútà, o lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Wo nọ́ńbà náà ná. Philips àti Sony ló jọ fi ìlànà CD lélẹ̀ ní 1980, Sony CDP-101 sì jáde sí ọjà ní Japan ní oṣù kẹwàá 1982. Láti ìgbà náà, ìlànà ọ̀hún kò yí padà: ohùn apá òsì àti ti apá ọ̀tún, a wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, a sì fi bíìtì 16, ìyẹn òdo tàbí ení mẹ́rìndínlógún, kọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ bíìtì 1,411,200 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Bíìtì 16 yẹn fún wa ní àyè bíi 96 dB (dB ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ròkè sí) láàárín ohùn tó kéré jù lọ àti èyí tó ròkè jù lọ. Ìgbà 44,100 yẹn sì tó láti gbé ohùn tó ga dé 20,000 Hz, ìyẹn ohùn tó ń gbọ̀n ní ìgbà 20,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ibi tí etí ọ̀dọ́ tó yá gágá ń parí sí. Etí tèmi ti dúró nísàlẹ̀ ibẹ̀ tipẹ́, kò sì dí mi lọ́wọ́ orin.

Ṣé ẹ̀rọ olówó ńlá máa ń ka nọ́ńbà yìí dáa ju drive àwo inú kọ̀ǹpútà lásán lọ? Lára àwo tó mọ́, rárá. Àwọn tó ṣe CD mọ̀ pé ara àwo á ha, eruku á sì bà á, wọ́n bá fi nọ́ńbà àfikún sáàárín orin, wọ́n sì tú gbogbo rẹ̀ ká lára àwo lọ́nà tí wọ́n ń pè ní CIRC. Bí nǹkan bá ba ibi tó gùn tó milimita 2.5 jẹ́ lójú ipa orin, ẹ̀rọ lè ṣírò ohun tó sọnù padà pátápátá. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ ni yóò wá máa fojú bu ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá kọ nọ́ńbà fóònù rẹ sórí páálí, tí wọ́n tún fi èédú kọ ọ́ sára ògiri, ìwọ náà ni yóò gbé e bí wọ́n bá pè é. Bẹ́ẹ̀ ló rí pẹ̀lú nọ́ńbà orin.

Iṣẹ́ kejì ni ìyàtọ̀ ti lè wọlé, ìyẹn inú DAC àti iná tó ń bọ́ ọ. Ariwo tó o gbọ́ yẹn, ihò headphone ló ti wá. Fáìlì orin kò jẹ̀bi. Ó máa ń dùn mí bí èèyàn bá fi ihò yẹn wé ẹ̀rọ CD gidi, tó wá pariwo pé orin kọ̀ǹpútà kò dára.

Iná_Ò_Gbọdọ̀_Kùn

Baba Wáyà ti sọ̀rọ̀ tán lórí nọ́ńbà. Ẹ jẹ́ kí n mú kíkùn, torí iṣẹ́ mi nìyẹn.

Kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí orin máa lọ, kẹ́ ẹ wá yọ ṣájà kúrò lára kọ̀ǹpútà kó máa lo bátìrì nìkan. Bí kíkùn náà bá dákẹ́, a ti mọ ohun tó ń ṣe é. Kọ̀ǹpútà ní ọ̀nà tirẹ̀ tó fi kan wáyà ilẹ̀ láti ara ṣájà, amplifier náà ní tirẹ̀, wáyà orin wá so méjèèjì pọ̀ di òbìrí. Iná díẹ̀díẹ̀ á máa sá yíká nínú òbìrí yẹn, amplifier á sì gbé e jáde bí orin. Ṣìn-ìn ṣìn-ìn tí atọ́ka ń fà yàtọ̀ díẹ̀: iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń jò sínú ohùn, torí pé ohun tó ń sọ nọ́ńbà di ohùn níbẹ̀ kò jìnnà sáwọn tó ń pariwo.

DAC tó dá dúró lóde, tí wọ́n ń fi USB so, yóò pa ṣìn-ìn yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Àmọ́ ẹ kíyè sí i: wáyà USB ní bàbà nínú, bàbà sì lè gbé òbìrí ilẹ̀ yẹn kọjá. Bí kíkùn bá ṣì kù lẹ́yìn DAC, ẹ wá èyí tó ní ihò onímọ̀lẹ̀, Toslink, èyí tí Toshiba gbé jáde ní 1983. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń gba inú wáyà yẹn, kò sí ohun tó kan ilẹ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀nà mìíràn ni kẹ́ ẹ lo ẹ̀rọ orin kékeré tó ń gba fáìlì látinú Wi-Fi, kí kọ̀ǹpútà má tilẹ̀ sún mọ́ amplifier rárá. Èyí ni mo fẹ́ràn jù, torí fáànù kọ̀ǹpútà náà á jìnnà sí ibi tẹ́ ẹ jókòó sí.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní kẹ́ ẹ gé ẹsẹ̀ ilẹ̀ lára púlọ́ọ̀gì kí kíkùn lè dákẹ́, ẹ sá fún un. Ẹ̀mí yín ni ẹsẹ̀ yẹn ń ṣọ́.

Lésà_Pupa

Mo ń ka gbogbo yín, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ti sọ orin gbígbọ́ di iṣẹ́ oníná. Mo ní ẹ̀rọ CD tó dáa, mo tún ní DAC tẹ́ ẹ ń wí yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ti CD kún ju ti DAC lọ, ohùn onígìtá jókòó síwájú mi bí mo bá fi í gbọ́. Ẹ má sọ fún mi pé etí mi ń purọ́.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀rọ CD kì í sọ fún mi pé kí n dúró kí òun ṣe àtúnṣe áàpù. Àtẹ̀jíṣẹ́ kankan kì í já wọlé láàárín orin. Mo ki àwo bọ̀ ọ́, mo jókòó, mo gbọ́ ọ láti orí dé ìdí. Àwọn tó ní orin ẹgbẹ̀rún lórí kọ̀ǹpútà, ìṣẹ́jú kan ni wọ́n ń gbọ́ kí wọ́n tó tẹ èyí tó kàn.

Baba_Wáyà

Lésà_Pupa, ọ̀rẹ́ mi àtijọ́, o kú àtakò. Ọ̀rọ̀ rẹ nípa ìjókòó gbọ́ àwo kan tán, mo gbà á pátá, n kò ní ìdáhùn kankan sí i. (Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ yìí o! Lésà CD kì í ṣe pupa. 780 nanomita ni, ó ti kọjá ibi tí ojú èèyàn ń rí dáadáa. Ti DVD ló pupa.)

Ní ti ohùn tó kún, kò sẹ́ni tó ní etí rẹ ń purọ́. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá méjèèjì ròkè bákan náà. Ẹ̀rọ CD sábà máa ń mú nǹkan bíi volt 2 jáde nígbà tí orin bá dé góńgó. DAC kan lè mú iye kan náà wá, òmíràn lè dín, òmíràn lè lé. Ihò headphone kọ̀ǹpútà sábà máa ń dín sí i. Bí ohùn kan bá fi díẹ̀ ròkè ju èkejì lọ, etí kì í sọ pé “ó ròkè”, “ó kún”, “ó súnmọ́ mi” ló máa ń sọ. Ta ló wà nínú wa tí irú rẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀ sí?

Bó o bá fẹ́ mọ òótọ́, wá fáìlì tó ń dún ní 1,000 Hz, kọ ọ́ sórí CD kan, kó o tún fi í sórí kọ̀ǹpútà. Fi mítà iná wọn ẹnu wáyà sípíkà nígbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ń dún, kó o tún fọ́lúùmù ṣe títí ìyàtọ̀ wọn kò fi ní ju 0.1 dB lọ, ìyẹn bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún volt tó o kà. Kí ẹlòmíràn wá máa yí i láti ọ̀kan sí èkejì láìsọ fún ọ. Bó o bá ṣì mọ èyí tó ń dún, èmi fúnra mi á bá ọ wá ìdí rẹ̀, torí àwọn ẹ̀rọ CD kan wà tí ẹni tó ṣe wọ́n dìídì fẹ́ kí wọ́n ní ohùn tiwọn: ó fi túùbù onígíláàsì àtijọ́ (valve) sẹ́nu ọ̀nà tí ohùn ń gbà jáde, tàbí ó lo àsẹ́ tó ń gé ohùn òkè kù díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀ kò ṣẹ̀. Kó sáà mọ̀ pé adùn tí wọ́n fi kún un ló ń gbọ́.

Fún àwọn tó tún ń sọ pé 44,100 àti bíìtì 16 kò tó: ní 2007, E. Brad Meyer àti David Moran tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Audio Engineering Society. Wọ́n gbé orin tí nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀ ju ti CD lọ fún àwọn olùgbọ́, wọ́n sì ń yí i pẹ̀lú orin kan náà tí wọ́n ti rọ̀ kalẹ̀ sí ìwọ̀n CD. Nínú ìgbìyànjú 554, ìdáhùn 276 ló tọ̀nà, 49.8%. Ẹni tó kàn ń méfò náà á rí bẹ́ẹ̀.

Ìyá_Àpótí_Orin

Ẹ kú àríyànjiyàn. Èmi ti kó gbogbo CD ilé mi sórí kọ̀ǹpútà, ibi tí wàhálà wà gan-an, ẹ ò tíì dé ibẹ̀. Kì í ṣe nínú ohùn. Inú kíkọ̀pì àti orúkọ ló wà.

Àwo_Lórí_Pẹpẹ, má ṣe lo áàpù tó kàn ń kọ̀pì wàrà-wàrà. Lórí Windows, lo Exact Audio Copy. Lórí Mac, XLD. Lórí Linux, whipper. Ohun tó mú kí wọ́n yàtọ̀ ni pé wọ́n máa ń yẹ iṣẹ́ ara wọn wò. Wọ́n á fi nọ́ńbà tí wọ́n kà wé ti àwọn ẹlòmíràn tó ti kọ̀pì àwo kan náà rí, èyí tó wà nínú àkójọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní AccurateRip. Bí tìrẹ bá bá ti èèyàn mélòó kan mu, tí drive wọn yàtọ̀ sí tìrẹ, ó ti parí nìyẹn: nọ́ńbà inú àwo gan-an lo ní. Ẹ̀rọ CD inú yàrá ìgbàlejò kò ní ọ̀nà kankan láti fi èyí hàn ọ́. Bó bá fojú bu ibì kan, kò ní sọ.

Tọ́jú orin náà bíi FLAC. Ó ti wà láti 2001, kò sẹ́ni tó ń gba owó lórí rẹ̀, ní 2024 ni IETF, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìlànà íńtánẹ́ẹ̀tì, sì sọ ọ́ di ìlànà tó ní nọ́ńbà, RFC 9639. Ó ń fún orin pọ̀ láìyọ ohunkóhun kúrò. Bó o bá tú u, bíìtì kan kò ní dín. CD oníṣẹ́jú 74 jẹ́ nǹkan bíi báìtì mílíọ̀nù 783 kó tó wọ FLAC, lẹ́yìn náà ó máa ń bọ́ sí bí ìdajì tàbí díẹ̀ lé. Drive ìpamọ́ 1 TB kan yóò gba CD tó tó ẹgbàá, àyè á sì tún kù. Nítorí náà, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé kó o lo MP3, èyí tó ń yọ nǹkan kúrò lára orin, kí àyè má bàa tán. Ọ̀rọ̀ ayé ìgbà kan nìyẹn.

Ní ti orúkọ, áàpù MusicBrainz Picard yóò bá ọ kọ púpọ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ orin ẹgbẹ́ akọrin yóò fún ọ níṣẹ́. Ṣé orúkọ ẹni tó kọ orin ni yóò ṣáájú ni, àbí ti olùdarí, àbí ti ẹgbẹ́? Pinnu kó o tó bẹ̀rẹ̀, kó o sì kọ ìpinnu náà sílẹ̀. Bí àwo mẹ́rin bá wà nínú páálí kan, sọ wọ́n di àkójọ kan ṣoṣo, kí nọ́ńbà àwo sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibí yìí ni àwọn tó yára kọ̀pì ti ń sunkún lẹ́yìn ọ̀la.

Ohun kan ṣì wà tí ẹ̀rọ CD fi ń borí, Lésà_Pupa á sì yọ̀. Àwọn CD kan láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 wà tí wọ́n fún ohùn òkè wọn lágbára nígbà tí wọ́n ń ṣe wọ́n, pẹ̀lú àmì tó ń sọ fún ẹ̀rọ pé kó dá a padà sí ipò rẹ̀. Pre-emphasis ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀rọ CD á rí àmì náà, á sì ṣe é láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Kọ̀ǹpútà á kọ̀pì nọ́ńbà bó ṣe wà, orin á wá máa gún etí. Exact Audio Copy lè kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé àmì náà wà, áàpù SoX sì lè tún un ṣe. Àmọ́ lára àwo mìíràn, inú subcode nìkan, ìyẹn àkọsílẹ̀ tó ń bá orin rìn lára àwo, ni àmì náà farapamọ́ sí, nítorí náà bí CD àtijọ́ kan bá ń gún etí lórí kọ̀ǹpútà nìkan, ibẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ wò.

Àwo_Lórí_Pẹpẹ

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ìyá àti bàbá. Mo yọ ṣájà. Kíkùn dákẹ́ lójú ẹsẹ̀! Ṣìn-ìn ṣìn-ìn ló ṣì kù díẹ̀.

Ìbéèrè méjì. Àwọn CD mi kan ti ha, àwọn méjì kan sì ti ń pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ létí. Ṣé wọ́n ṣì ṣeé kọ̀pì? Ìkejì, ṣé n kò kúkú lè fi Bluetooth ṣe é kí wáyà má sí rárá?

Lésà_Pupa

Ti àwo, tèmi ni. Fi omi lásán àti ọṣẹ díẹ̀ tí kò le fọ̀ ọ́, kó o fi aṣọ rírọ̀ nù ún láti àárín lọ sí etí, ní tààrà. Má ṣe nù ún yíká. Ibi tó bá ha, tó dábùú ipa orin, CIRC á yanjú rẹ̀. Èyí tó bá tẹ̀lé ipa orin, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló máa bá lọ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣọ́ ìsàlẹ̀ àwo, wọ́n sì ń fi ojú ibi tí àkọlé wà gbálẹ̀. Ìsàlẹ̀ nípọn tó milimita 1.2, èèyàn lè dán ibi tó bá ha níbẹ̀. Àmọ́ lókè, lábẹ́ ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti àkọlé, ibẹ̀ ni irin tó ń tan ìmọ́lẹ̀ padà wà. Bí ibẹ̀ bá bó, orin ti bó lọ nìyẹn, kò sí ìwòsàn.

Èyí tó ń pọ́n létí, wo òrùka àárín rẹ̀. Bó o bá rí PDO àti U.K., ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ Philips and Du Pont Optical tó wà ní Blackburn, ní England. Àwọn àwo tí wọ́n tẹ̀ níbẹ̀ láàárín 1988 sí 1993 ní àléébù: ọ̀dà wọn kò lè dènà imí-ọjọ́ tó wà nínú bébà páálí wọn, irin inú wọn wá ń jẹ. Kì í dúró. Àwọn yẹn ni kó o kọ́kọ́ kọ̀pì, lónìí, kó o tó kan èyí tó kù. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi Lésà_Pupa ló ń sọ fún ọ pé kó o kọ̀pì.

Iná_Ò_Gbọdọ̀_Kùn

Bluetooth: fún ilé ìdáná, ó dára. Fún ìjókòó gidi níwájú sípíkà, má ṣe é. SBC, AAC, LDAC, àwọn ọ̀nà tí Bluetooth fi ń fún orin pọ̀, gbogbo wọn ló ń yọ nǹkan kúrò lára orin kó lè gba inú afẹ́fẹ́ kọjá, ẹ ò wá ní mọ ìdí tẹ́ ẹ fi ṣe wàhálà FLAC. Wi-Fi kò ṣe bẹ́ẹ̀, ó lè gbé gbogbo bíìtì.

Bẹ́ ẹ bá wá so DAC mọ́ kọ̀ǹpútà, ètò inú rẹ̀ ṣe pàtàkì. Windows máa ń da gbogbo ohùn pọ̀ sójú kan, ó sì ń sọ ọ́ di ìwọ̀n kan ṣoṣo. Bó bá wà lórí 48,000, gbogbo CD yín ni yóò máa yí láti 44,100 sí 48,000 láìsí ìdí. Ẹ fi í sí 44,100, tàbí kẹ́ ẹ lo áàpù tó lè gba DAC fún ara rẹ̀ nìkan, irú bíi foobar2000 pẹ̀lú ètò Windows tí wọ́n ń pè ní WASAPI exclusive. Èyí tún ń pa ohùn àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń já wọlé lẹ́nu mọ́, ẹ̀dùn Lésà_Pupa nìyẹn. Lórí Mac, inú Audio MIDI Setup lẹ ti máa yí i. Bí kọ̀ǹpútà yín bá ń lo Windows tó ṣáájú àtúnṣe 2017 ti Windows 10, ẹ lè nílò àfikún áàpù láti ọwọ́ ẹni tó ṣe DAC kó tó dá a mọ̀ dáadáa.

Ẹ rọ amplifier sílẹ̀ pátá kẹ́ ẹ tó gbìyànjú exclusive nígbà àkọ́kọ́. Fọ́lúùmù kọ̀ǹpútà lè má ṣiṣẹ́ mọ́, orin á sì bú gbàù.

Ọmọ_Aago

Ẹ ò sọ̀rọ̀ jitter rárá. Ṣebí ìdí tí wọ́n fi ń ra ẹ̀rọ CD olówó ńlá nìyẹn, pé aago rẹ̀ péye?

Baba_Wáyà

Ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, àmọ́ ó ti kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Nọ́ńbà gbọ́dọ̀ di ohùn lákòókò tó yẹ gẹ́lẹ́, bí aago bá ń gbọ̀n, ohùn á ní àbàwọ́n díẹ̀. Lórí USB àtijọ́, DAC ń tẹ̀lé ìrìn kọ̀ǹpútà. Lórí USB tó jẹ́ asynchronous, tó wà nínú ọ̀pọ̀ DAC báyìí, DAC ní aago tirẹ̀, òun ló sì ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé “mú sí i wá” tàbí “rọra”. Kọ̀ǹpútà kàn ń bu nọ́ńbà fún un ni. Bó o bá fi Toslink so ẹ̀rọ CD mọ́ DAC, inú ìmọ́lẹ̀ yẹn ni ìrìn aago ti ń wá, DAC á sì ní láti tún un tò. Èyí tó dáa ń tún un tò dáadáa. N kò tíì rí ẹni tó fi etí mọ jitter lára ẹ̀rọ tí kò bàjẹ́ nígbà tí ojú rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Sítírímù_Ni

Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń kọ̀pì ohunkóhun? Apple Music ti ń gbé orin láìyọ bíìtì kúrò láti 2021, Spotify náà bẹ̀rẹ̀ ní 2025. Ẹ san owó oṣù, kẹ́ ẹ gbàgbé pẹpẹ.

Ìyá_Àpótí_Orin

Ọmọ mi, mo ń san owó oṣù náà, mo fi ń wá orin tuntun. Àmọ́ orin tó wà lónìí lè má sí lọ́la bí àdéhùn wọn bá tán. Èyí tó burú jù ni pé wọ́n lè yí i padà láìsọ fún ọ. Àwo tó o mọ̀ láti 1986, o lè tẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ èyí tí wọ́n tún ṣe lẹ́yìn àwọn ọdún 1990, nígbà tí gbogbo ilé iṣẹ́ orin ń bá ara wọn díje lórí ta ni yóò pariwo jù. Wọ́n tẹ orin rí títí ohùn jẹ́jẹ́ àti ohùn líle fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bíìtì rẹ̀ pé, àmọ́ ìlù kò ta mọ́, akọrin kò sì lè sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ mọ́.

Èyí gan-an ni mo fẹ́ kí Àwo_Lórí_Pẹpẹ gbọ́. Ìyàtọ̀ láàárín àwo àkọ́kọ́ àti àtúnṣe tó pariwo tóbi púpọ̀ ju ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀rọ CD àti DAC. Bó o bá ní CD àkọ́kọ́ náà, ohun tó o ní lọ́wọ́, owó oṣù lè má rà á. Má tà á, má fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ lẹ́yìn tó o bá kọ̀pì rẹ̀ tán. Ní ọ̀pọ̀ ibi, òfin kò fara mọ́ kéèyàn ta àwo kó di ẹ̀dà mú, yàtọ̀ sí pé àwo yẹn ni ẹ̀dà ìkẹyìn rẹ bí drive ìpamọ́ bá kú. Drive á kú. Ní méjì, kí ọ̀kan wà níbi tí kì í ṣe ilé rẹ.

Lésà_Pupa

Mo kọrin ìyìn fún ìyá. Kí n fi èyí kún un: bí ẹ̀rọ rẹ tó ń ṣàìsàn bá ní ihò onímọ̀lẹ̀ lẹ́yìn, má jù ú nù. Ó lè jẹ́ pé rọ́bà tó ń fa ẹnu rẹ̀ ló yọ́, ohun tí kò wọ́n nìyẹn. So ó mọ́ DAC tó o bá rà, DAC yẹn ni yóò máa sọ̀rọ̀ fún kọ̀ǹpútà àti CD papọ̀. Bí lésà rẹ̀ ló bá kú, ìyẹn le díẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ojú lésà àti mọ́tò rẹ̀ ti dín kù gan-an, Linn tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ CD tó gbayì jù ti kéde ní 2009 pé àwọn kò ní ṣe é mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ olówó ńlá báyìí, kó kọ́kọ́ béèrè ibi tí yóò ti rí lésà mìíràn tó bá yá.

Bó o bá sì ní SACD, irú àwo kan tí nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀ ju ti CD lọ, drive kọ̀ǹpútà kò lè ka ìpele rẹ̀ tó jẹ́ ti SACD. Ìpele CD nìkan ni yóò rí, bí ọ̀kan bá wà lára rẹ̀.

Àwo_Lórí_Pẹpẹ

N kò ní SACD. Mo wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, ihò onímọ̀lẹ̀ wà níbẹ̀, eruku ló bò ó. Ìpinnu mi rèé: DAC kan tó ní USB àti Toslink, drive ìpamọ́ méjì, rọ́bà tuntun fún ẹnu ẹ̀rọ CD. Owó tí mo fẹ́ fi ra ẹ̀rọ ńlá yẹn, sípíkà ni mo máa fi wá, torí tèmi ti ya lẹ́nu. Àwọn àwo tó ń pọ́n ti wọ drive àwo kọ̀ǹpútà báyìí. Ọ̀kan bá AccurateRip mu, èkejì kọ̀ láti tán lórí orin tó kẹ́yìn.

Ìyá, ó ku ọ̀kan: orin ẹgbẹ́ akọrin mi tí wọ́n gbà lójú agbo. Kò sí ìdákẹ́ láàárín orin kan àti èkejì. Ṣé kò ní já bí mo bá pín in sí fáìlì fáìlì?

Ìyá_Àpótí_Orin

FLAC kò fi àlàfo kankan kún un, ibi tí fáìlì kan parí sí ni èkejì ti bẹ̀rẹ̀. MP3 ló máa ń fi ìdákẹ́ díẹ̀ sí orí àti ìdí orin. Áàpù ló lè bà á jẹ́: pa crossfade (èyí tó ń po ìparí orin kan mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ èkejì), kó o sì rí i pé gapless (èyí tó ń jẹ́ kí orin tẹ̀lé ara wọn láìsí àlàfo) wà ní títàn, pàápàá lórí ẹ̀rọ orin tó ń lo Wi-Fi, torí ó lè wà ní pípa níbẹ̀. Fi ibi tí ìpàtẹ́wọ́ ti kọjá láti orin kan sí èkejì dán an wò. Bí ìpàtẹ́wọ́ bá já, má tún fáìlì ṣe, áàpù ni kó o pààrọ̀.

Èyí tó kọ̀ láti tán yẹn, gbìyànjú rẹ̀ nínú drive àwo mìíràn kó o tó sọ̀rètí nù. Drive kan máa ń ka ohun tí òmíràn kò rí.